Ṣé kilorínì inú omi lè ba jíìnì ọmọ jẹ́? Ìbéèrè Ìyá Ìbejì àti èsì mi

Ìyá Ìbejì láti Tanke ní Ilorin ló béèrè báyìí, àwọn mìíràn sì dá sí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀:

"Ẹnìkan fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù lánàá. Ọkùnrin inú rẹ̀ ní kilorínì tí wọ́n ń dà sínú omi ń yí jíìnì ènìyàn padà, pé àwọn ọmọ tí a bá bí lẹ́yìn náà ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ti wò ó, ó sì ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da nǹkan kan sínú kànga ilé wa mọ́. Òun kan náà ló ti ń da ìyẹ̀fun kilorínì agolo wàrà kan sí i ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí pé igi máńgòrò kan na ọwọ́ sórí kànga náà, omi rẹ̀ a sì máa rùn. Ó wá ń sọ nísinsìnyí pé kilorínì ló fa fòníkúfọ̀ladìde tó wà lára ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn. Oyún oṣù márùn-ún wà nínú mi, omi kànga yìí la sì ń mu. Kí ni kí n ṣe?"

* * *

Èsì kìíní

Ìyá Ìbejì, ẹ má mu omi náà láìtọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má sì padà sí agolo wàrà yẹn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò omi ní ìlú kan ní gúúsù Kwara kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí Ilorin, irú ọ̀rọ̀ inú fídíò yìí kò sì jẹ́ tuntun sí mi. Kí Wasáàpù tó dé, bébà ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ káàkiri.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ fòníkúfọ̀ladìde kúrò láàárín, nítorí pé òun ló lè dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí. Àìsàn náà kì í ti inú omi wá. Bí bàbá bá jẹ́ AS tí ìyá náà sì jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ló wà fún ọmọ náà láti jẹ́ SS, ì báà jẹ́ omi òjò ni wọ́n ń mu, ì báà jẹ́ omi ẹ̀rọ. Àwọn òbí ọmọ náà lè lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn, wọn yóò sì rí ibi tí ó ti wá. Ọdún 1908 ni ìlú Jersey City ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi kilorínì sí omi ará ìlú láìdáwọ́dúró, ìlú àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wọn. Àwọn baba ńlá wa ti ń sin ọmọ tí eegun ń ro títí tó fi kú, tí wọ́n ń pè é ní àbíkú, tipẹ́tipẹ́ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí bá àbúrò ọkọ yín jà o. Ẹni tó bá ń wá ohun tí yóò di ẹ̀bi ọmọ tó ń jẹ̀rora rù kò ṣe é fi ṣe ẹlẹ́yà.

* * *

Èsì kejì

Ẹnìkan tó kọ̀wé láti Ọ̀fà ní irọ́ pátápátá ni fídíò náà, pé kí gbogbo wa pa á rẹ́ kúrò lórí fóònù wa. N kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Òtítọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí ọkùnrin yẹn fà gùn kọjá ibi tó yẹ kó dúró, bí a kò bá sì sọ òtítọ́ náà fúnra wa, ẹni tó ń ta omi àdúrà àti ẹ̀rọ asẹ́ olówó gọbọi ni yóò bá wa sọ ọ́.

Òtítọ́ náà rèé. Ní 1974, Johannes Rook, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ omi ìlú Rotterdam ní ilẹ̀ Netherlands, ṣàlàyé pé bí kilorínì bá bá oje ewé, koríko àti igi jíjẹrà pàdé nínú omi, wọ́n máa ń bí àwọn nǹkan mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò dà sínú omi náà. Kilorofọ́ọ̀mù ni a mọ̀ jù nínú wọn, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn ni wọ́n ń pè papọ̀ ní trihalomethane, THM ni a máa ń pè é níbi iṣẹ́. Kilorínì kò dá bí wọn. Bí omi bá mọ́ láti ìpìlẹ̀, tí kò sí jíjẹrà kankan nínú rẹ̀, kilorínì kò rí ẹni bá pàdé, èyí tí yóò bí kò sì tó nǹkan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, Ìyá Ìbejì, nítorí igi máńgòrò yín.

Amẹ́ríkà gbé òfin jáde ní 1979 pé àpapọ̀ THM kò gbọdọ̀ ju máíkrógíráàmù 100 lọ nínú lítà omi kan, wọ́n sì tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 80 lẹ́yìn náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ti kilorofọ́ọ̀mù nìkan sí 300. Ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin ni pé láàárín àwọn tó ti mu omi tí THM pọ̀ nínú rẹ̀ fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù rí i pé jẹjẹrẹ àpòòtọ̀ fi díẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Síbẹ̀, nígbà tí iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé omi oníkilorínì yẹ̀ wò ní 1991, wọ́n ní ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tó láti pè é ní ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Níbo wá ni "ó ń yí jíìnì padà" ti wá? Láti inú àyẹ̀wò tí wọ́n fi bakitéríà ṣe ni. Àwọn onímọ̀ á fún ohun tó wà nínú omi oníkilorínì púpọ̀ jọ títí yóò fi ki, wọ́n á fi kan bakitéríà inú abọ́, wọ́n á sì rí i pé àkọsílẹ̀ inú jíìnì bakitéríà náà yí. Èyí ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, ó sì yẹ kí ènìyàn bìkítà. Ṣùgbọ́n bakitéríà inú abọ́ kì í ṣe ọmọ inú oyún. Bí jíìnì sẹ́ẹ̀lì kan bá bàjẹ́ nínú àpòòtọ̀ bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún, ó lè di jẹjẹrẹ fún bàbá náà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni yóò parí sí. Kí ọmọ tó lè jogún ìyípadà kan, inú àtọ̀ tàbí inú ẹyin obìnrin ni ìyípadà náà gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀, kò sì sí ìwádìí kankan tó fi hàn lára ènìyàn pé omi oníkilorínì ń ṣe èyí. Àárín ibi méjì yìí ni ọkùnrin inú fídíò ti fò bí ẹni fo kòtò.

* * *

Èsì kẹta

Alfa wa láti Ọjà-Ọba fèsì pé omi kì í ní ọ̀tá, pé odò ni àwọn bàbá wa ń mu, wọ́n sì gbó, wọ́n tọ́, pé kí ló dé tí a fi ń da májèlé sínú ohun tí Ọlọ́run fún wa ní mímọ́. Èèyàn mẹ́rin ló ti bá wọn ṣe àmín.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Alfa, àwọn tó gbó ni a rántí. Àwọn tí wọ́n gbé sin ní ọmọ ọdún méjì kò bí ẹni tí yóò máa ròyìn wọn. Kò sì pọn dandan kí a lọ sí ayé àtijọ́. Ní ọdún 2017, nínú Ilorin tí a wà yìí, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní ìparí oṣù kẹrin, ó sì jà gan-an nínú oṣù karùn-ún. Ní ìparí oṣù kẹfà, èèyàn 1,558 ni wọ́n ti fura sí pé ó mú ní ìpínlẹ̀ Kwara, mọ́kànlá sì ti kú. Ìwọ̀-Oòrùn Ilorin, Ìlà-Oòrùn, Gúúsù, Àsà àti Mọ́ọ̀rò ló ti jà. Mo mọ ilé kan tí ìyá àti ọmọ ti dùbúlẹ̀ lórí ẹní kan náà, tí àwọn aládùúgbò ń bu omi oníyọ̀ àti ṣúgà sí wọn lẹ́nu kí wọ́n tó rí ọkọ̀. Onígbáméjì kì í dúró de ọgbọ̀n ọdún bíi ti jẹjẹrẹ àpòòtọ̀. Ẹni tó bá mú ní òwúrọ̀, tí kò rí ìtọ́jú, ó lè má rí ìrọ̀lẹ́.

Ẹ tún wo páìpù wa. Bí omi ẹ̀rọ bá lọ, páìpù a ṣófo, a sì máa fa omi gọ́tà wọlé láti ojú ibi tó ti jò. Nígbà tí omi bá padà dé, ìwọ̀nba kilorínì tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ nìkan ni ọlọ́pàá tó wà lọ́nà láti iléeṣẹ́ omi títí dé ẹnu ẹ̀rọ yín.

* * *

Èsì kẹrin, kúkúrú

Bùrọ̀dá kan mẹ́nu ba Peru, pé ìjọba ibẹ̀ dáwọ́ kilorínì dúró nítorí ìbẹ̀rù jẹjẹrẹ, onígbáméjì sì pa wọ́n. Èmi náà ti fi ìtàn yìí kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi rí, nítorí náà èmi ni kí n tún un ṣe. Onígbáméjì wọ Peru ní oṣù kìíní 1991, ó mú èèyàn tó lé ní 300,000 lọ́dún náà, ó sì pa nǹkan bí 2,900. Ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà rí i pé páìpù jíjò, kànga tí a kò tọ́jú àti omi tí kò fi gbogbo ara rí kilorínì láti ilẹ̀ wá ló kó ipa tó pọ̀ jù. Ìbẹ̀rù jẹjẹrẹ kò tó ẹrù tí ìtàn náà dì lé e lórí. Kò yẹ kí a fi àsọdùn tiwa lé àsọdùn tiwọn lọ.

* * *

Èsì karùn-ún

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bí a ṣe ń mọ̀ pé kilorínì tó, tàbí pé ó pọ̀ jù, ẹ wá ná.

Níbi iṣẹ́ wa, láàárọ̀, a ó rọ omi sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, a ó ju hóró DPD kan sí i, a ó sì mì ín. Bí kilorínì bá ṣẹ́kù, omi náà yóò di pupa rẹ́súrẹ́sú bíi zóbò tí wọ́n fi omi là jù. A ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ káàdì aláwọ̀, a ó fi ojú wọ̀n ọ́n. Ohun tí a ń wá ni kí ó kù bíi mílígíráàmù 0.2 sí 0.5 nínú lítà kan nígbà tó bá dé ilé tó jìnnà jù. Mo ti gbé ìgò yẹn kan ilẹ̀kùn ilé púpọ̀, tí omi inú rẹ̀ funfun kedere bí ẹni pé n kò ju nǹkan kan sí i. Ìyẹn ni ó máa ń bà mí lẹ́rù.

Òjò àkọ́rọ̀ ni wàhálà wa. Odò tí a ń fà á pọ́n bí ẹrẹ̀ ìmọlé, ewé, koríko jíjó àti ìgbẹ́ màlúù á ti wọ́ wọnú rẹ̀. Ìwọ̀n kilorínì tó tó lánàá kò ní tó lónìí, nítorí pé yóò ti bá ìdọ̀tí jà tán lójú ọ̀nà. Ọ̀gá kan tí mo bá ṣiṣẹ́ máa ń ní kí a kàn dà á sí i. Èmi a ní rárá, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ fi kún álọ́ọ̀mù, kí ìdọ̀tí inú omi náà rì sílẹ̀, kí á sẹ́ ẹ, kí kilorínì tó wọlé. A jà lórí èyí fún ọdún méjì. Kì í ṣe agídí ni mo ń ṣe: ohun tí álọ́ọ̀mù bá ti wọ́ lọ sílẹ̀ kò ní sí níbẹ̀ mọ́ fún kilorínì láti fi bí THM, ooru ilẹ̀ wa sì máa ń mú kí ìbí náà yá. Ẹni tó da kilorínì sínú omi pípọ́n ra ìnira méjì pọ̀, kòkòrò kò kú tán, THM sì pọ̀.

Lọ́dún kan ẹ̀wẹ̀, wọ́n kó ìyẹ̀fun kilorínì wá fún wa tí oòrùn ti pa nínú sítọ́ọ̀. Ó ti di ògúlùtu, kò sì rùn bó ṣe yẹ. Ẹni tó gbé e wá ní kí a dà á ní ìlọ́po mẹ́ta, pé bákan náà ni. A kò lè mọ̀ bóyá ìlọ́po mẹ́ta ni tàbí ìlọ́po mẹ́wàá láìwọ̀n ọ́n. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbà kí ẹnikẹ́ni fi agolo dá kilorínì lójú mi.

* * *

Èsì kẹfà

Ọmọbìnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ilorin béèrè ìbéèrè tí mo ti ń retí: ṣé bákan náà ni gbogbo ara ń gba THM? Bákan náà kọ́, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ jíìnì ti wọlé gẹ́gẹ́ bí ó ṣe yẹ.

Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní GSTT1. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá ara palẹ̀ májèlé mọ́, àwọn kan sì wà tí a bí láìní i rárá. Ènìyàn yóò rò pé ẹni tí kò ní i ni yóò jìyà. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Spain, èyí tó jáde ní 2010, láàárín àwọn tó ní jíìnì náà ni THM àti jẹjẹrẹ àpòòtọ̀ ti jọ rìn jù. Ìdí tí wọ́n fi rò pé ó rí bẹ́ẹ̀ ni pé bí GSTT1 bá ti gbá àwọn THM tó ní bromine nínú mú, ó máa ń sọ wọ́n di ohun tó lè kan DNA, ìyẹn ohun tí a fi ṣe jíìnì. Aṣọ́gbà ló di olè. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní jíìnì ń fa ewu nínú omi oníkilorínì, n kò ní bá a jiyàn, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé jíìnì tí a ti jogún ló ń sọ bí ewu náà ṣe tó fún oníkálukú. Yíyí tí omi yí jíìnì tí a ó fi sílẹ̀ fún ọmọ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, kò sì sí ẹ̀rí fún un.

Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo yín ti wá ń bẹ̀rù fún àpòòtọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Sìgá wà níwájú nínú ohun tó ń fa jẹjẹrẹ àpòòtọ̀. Ní ilẹ̀ wa, àtọ̀sí ajá tún wà, èyí tí kòkòrò rẹ̀ ń gba awọ ara wọlé lára ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún tàbí odò tó ní ìgbín rẹ̀, tí ọmọ náà á sì máa tọ ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá pẹ́ lára láìwò ó, jẹjẹrẹ àpòòtọ̀ lè ti ibẹ̀ wá, àríyànjiyàn kankan kò sì sí lórí ìyẹn mọ́. Mo ti rí bàbá kan tó ń pín fídíò kilorínì kiri, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì ń tọ ẹ̀jẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ó ní ó ti ń dàgbà ni.

* * *

Èsì keje

Ìyá Ìbejì ti wọn kànga náà. Wọ́n ní fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà kan, wọ́n so òkúta mọ́ okùn, omi sì mu okùn náà tó mítà mẹ́ta. Ẹ ṣeun, àwọn díẹ̀ ló ń ṣe wàhálà yìí.

Omi inú rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bíi lítà 2,350. Agolo wàrà kan tó kún fún ìyẹ̀fun kilorínì lè wọn gíráàmù 150, bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ bá sì jẹ́ kilorínì gidi, ó sún mọ́ gíráàmù 97. Ẹ pín in fún omi náà, yóò fún yín ní ohun tó lé ní mílígíráàmù 40 nínú lítà kan. Mílígíráàmù 5 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe òpin fún omi mímu. Ìlọ́po mẹ́jọ ni àbúrò ọkọ yín ń dà lórí ewé máńgòrò jíjẹrà ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ẹ sì ń fa omi náà mu ní ìdájí Sátidé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó wo fídíò kan, ó sì fo láti orí àṣejù bọ́ sórí àìṣe rárá.

Ìwọ̀n ńlá bẹ́ẹ̀ wúlò fún fífọ kànga nìkan: kí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kó ewé àti ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ kúrò, kí ó da kilorínì sí i, kí ẹnikẹ́ni má fà á di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì fa omi náà dànù títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ má da nǹkan kan sínú kànga mọ́. Omi tuntun ń sun wọlé lójoojúmọ́, ẹ kò lè mọ ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Inú kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ ti máa tọ́jú èyí tí ẹ fẹ́ mu. Ẹ jẹ́ kí ó tòrò, ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ. Bí kilorínì olómi tí ẹ rà bá jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ṣíbí tíì kan tó fún kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ìyẹn á fún yín ní mílígíráàmù 2 nínú lítà kan. Ẹ ka ara ìgò rẹ̀ dáadáa, torí pé agbára wọn kò dọ́gba, ẹ má sì lo èyí tí wọ́n fi lọ́fínńdà sí fún aṣọ fífọ̀. Ẹ dé e, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ìyá kan ní sísè dára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó pa kòkòrò lóòótọ́, ó tilẹ̀ ń lé kilorofọ́ọ̀mù lọ bí omi bá ti ń hó. Ṣùgbọ́n omi sísè kò ní ẹ̀ṣọ́ bí ó bá ti tutù. Ọwọ́ ọmọ kan tó kó ife wọ inú rẹ̀ ti tó. Owó gáàsì náà kò sì jẹ́ kí ó pẹ́ kí ènìyàn tó padà sí mímu ún ní tútù.

* * *

Èsì kẹjọ

Ìyá Ìbejì tún kọ̀wé pé àbúrò ọkọ wọn ti ka gbogbo rẹ̀, kò bínú, ṣùgbọ́n ó béèrè pé bó bá jẹ́ ewé ni ẹjọ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀, ṣé kí òun gé igi máńgòrò náà lulẹ̀? Ó ní bàbá àwọn ló gbìn ín.

Kí ó má gé e. Kí ó ní kí bíríkìlà ro kónkéré ṣe ìdérí fún kànga náà, pẹ̀lú ojú kékeré tí kòrobá lè gbà wọlé, kí ó sì gbé páànù tí wọ́n gbé lé e lórí báyìí kúrò, nítorí pé ìpata rẹ̀ ń já sínú omi. Ẹ̀ka tó na ọwọ́ sórí kànga nìkan ni kí ó gé, kí ó sì tètè gé e kí máńgòrò ọdún yìí tó pọ́n, nítorí pé èso pípọ́n tó bá já sínú kànga tètè ń jẹrà ju ewé lọ.